Kẹ̀kẹ́ Tí Yóò Gbé Ẹni Méjì Gun Òkè

Ilé wa,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Ìyàwó mi ọ̀wọ́n,

Ẹ́ńjìnnì tí kì í kú ti dé sáyé. Ó dé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn, nínú páálí, pẹ̀lú sípánà kékeré kan àti ìwé ìlànà olójú-ewé méjìlá. Ẹni tó ń tà á ló jẹ́rìí sí i fún mi. Ó kọ́kọ́ ṣí fìlà, ó húkọ́ díẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ́ńjìnnì yìí yóò ṣiṣẹ́ fún yín, yóò ṣiṣẹ́ fún ọmọ yín, agbára yóò sì tún ṣẹ́kù nínú rẹ̀ fún ọmọ ọmọ yín. Kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ikú." Ààrẹ Ẹ́ńjìnnì ni ọkùnrin náà ń pe ara rẹ̀, ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. N kò bi í léèrè ọjọ́ tí wọ́n dìbò fún un.

Mo kí ọ, mo kí ọ dáadáa. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé orúnkún ọ̀tún tó máa ń dà ọ́ láàmú lásìkò òtútù ti fara balẹ̀? Èmi náà wà, mo ń jẹun, mo ń sùn, mo ń ka ìwé. Òdòdó inú ìkòkò tó wà lójú fèrèsé rẹ, èyí tí o ní kí n máa bomi rin láràárọ̀, mo bomi rin ín láràárọ̀ títí ó fi kú. Mo ti ra òmíràn. Mo ń jẹ́wọ́ nísinsìnyí kí o má baà wọlé lọ́jọ́ kan kí o máa kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí.

Lẹ́tà kẹrin nìyí. Àbígbẹ̀yìn wa obìnrin, tó wá kí ọ lóṣù tó kọjá, sọ fún mi pé o ń kà wọ́n, pé o tilẹ̀ tò wọ́n sínú àpótí abẹ́rẹ́ rẹ. Ó ní o kàn kì í fèsì ni. N kò bínú sí i. Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, àmọ́ o mọ irú ẹni tí mo jẹ́: bí mo bá ti gbé fóònù sétí, kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìgbà tí mo pè ọ́ kẹ́yìn, ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣàlàyé ìdí tí òjò fi ń jẹ etí ọ̀nà yín. O ní, "Mo ti gbọ́, Tíṣà," o sì pa á. Nínú lẹ́tà, ó kéré tán, o lè fo ibi tó bá gùn jù.

Mọ́tò tí mo rán wá gbé ọ ló bí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí láti ọ̀dọ̀ tèmi, nítorí n kò rò ó fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí o lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin lórí òkè yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lo dá fún mi. Ó di oṣù mẹ́jọ. N kò lè sọ pé o ṣe àṣejù, ẹ̀gbọ́n ni, àìsàn náà kò sì yára. Ọjọ́ tí a sin ín, mo dé láàárọ̀, mo gbéra kó tó di ọ̀sán. Ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ní ìpàdé pàtàkì lọ́jọ́ náà, èmi sì ni alága. Ohun tí a ń jíròrò ni bóyá kí wọ́n máa pe alága ní Alága, àbí Alága Àgbà. Wákàtí mẹ́rin la fi bá a jà. Mo jáde níbẹ̀ ní Alága Àgbà. Ní wákàtí mẹ́rin yẹn, bí ọmọ wa ṣe sọ fún mi lẹ́yìn náà, ìwọ nìkan lo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n rẹ, tí o ń ká aṣọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn oṣù méjì, mo háyà mọ́tò, mo fi lẹ́tà lé dẹ́rẹ́bà lọ́wọ́, mo ní kó lọ gbé ọ wálé. Inú mi dùn sí ara mi lọ́jọ́ náà bí ẹni tó ṣe ìtọrẹ. Mo tilẹ̀ gbálẹ̀. Nígbà tí mọ́tò padà dé, mo sáré ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Agboòrùn mi tí mo gbàgbé níbi ìsìnkú ló wà níbẹ̀, wọ́n fi í ti igun ìjókòó bí ẹni ńlá tó ń sinmi. Dẹ́rẹ́bà dúró ṣánṣán, ó jíṣẹ́ rẹ bí ọmọ tó ń ka àkọ́sórí: "Màmá ní kí n sọ fún yín pé kì í ṣe dẹ́rẹ́bà ló gbé àwọn wọ ilé yín."

Òótọ́ lo sọ. Èmi ni. Ọdún mẹ́tàlélógójì sẹ́yìn, lórí kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé, ìwọ lórí kẹ́ríà lẹ́yìn, orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ nínú àpótí lórí itan rẹ. O fi ọwọ́ kan di ṣẹ́ẹ̀tì mi mú, o sì ń bú mi ní gbogbo ibi tí ọ̀nà ti rí gbágungbàgun. Mo lè wọ mọ́tò wá, mo mọ̀. Àmọ́ bí mo bá wọ mọ́tò, ẹ̀gbẹ́ dẹ́rẹ́bà ni n ó jókòó sí, àwa méjèèjì á sì jọ dé bí ẹni tó wá gba ẹrù. Mo wá gbé kẹ̀kẹ́ náà jáde. Mo nù ún, mo fẹ́ táyà, mo kọrí sí òkè ẹ̀yìn ilé-ìwé láti dán ara mi wò. Mo dé ìdí táǹkì omi, èyí tí kò tó ìdajì ọ̀nà, mo jókòó sórí òkúta. Ewúrẹ́ kan gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó ń gun òkè lọ, kò tilẹ̀ mí gúlegúle. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí. N kò lè bá ewúrẹ́ du ipò.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Alùpùpù kò ṣeé rò: ó wúwo jù mí lọ, bó bá ṣubú lójú ọ̀nà, àfi kí n dúró tì í títí àánú yóò fi ṣe ẹnì kan. Ẹ́ńjìnnì kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ kẹ̀kẹ́ ni mo ń wá. O mọ bí mo ṣe ń wá nǹkan. Mo fa ìlà sórí bébà, mo kọ orúkọ ẹ́ńjìnnì mẹ́fà sí apá òsì, mo sì ń fún wọn ní máàkì: agbára, ìwúwo, epo tí wọ́n ń mu, ìwé ìlànà. Bẹ́ẹ̀ ni, mo fún ìwé ìlànà ní máàkì. Ohun kan tí mo ti pinnu tẹ́lẹ̀ ni pé fóò-sitiróòkù ni mo fẹ́, èyí tí ọ́ìlì rẹ̀ wà lọ́tọ̀ nínú ikùn rẹ̀, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù fún, tí yóò máa rú èéfín, tí yóò sì tètè gbó. Ẹ́ńjìnnì Ààrẹ gba máàkì méjìdínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Mo rà á.

Mo gbé e lọ bá Ìyá Ẹlẹ́ńjìnnì. O kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn ìgbà tí o lọ ló kó wá sí òpópónà wa. Obìnrin tó tó ẹni àádọ́ta ọdún ni. Ó ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe, ó ń tún ẹ̀rọ ìfami ṣe, ó ń tún ohunkóhun tó bá ń gbọ̀n ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, okùn ló sì fi so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Kò ka ìwé ìlànà Ààrẹ. Ó fi nu ọ́ìlì. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun kan ṣoṣo tí kò sí lórí bébà mi: "Bàbá Tíṣà, ẹni mélòó ló máa gùn ún?"

Mo ní bí mo bá ń lọ, ẹnì kan. Bí mo bá ń bọ̀, ẹni méjì, èmi àti ìyàwó mi. Ó ní báwo ni ìyàwó mi ṣe wúwo tó. Mo dáhùn kíá, bó ṣe yẹ kí olùkọ́ dáhùn: "Kílò méjìléláàádọ́ta." Ó dá sípánà dúró. "Ìgbà wo lẹ gbọ́ ìyẹn?" Mo ronú, mo sì sọ òótọ́ fún un pé ara káàdì rẹ ní ilé ìwòsàn ni mo ti kà á, nígbà tí o lóyún àkọ́bí wa. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí gíláàsì fi jábọ́ lójú rẹ̀. "Àkọ́bí yín tó ti ń hu ewú, Bàbá Tíṣà!" Èmi náà rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Nígbà tí mo délé, kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́. Mo mọ bí òṣùpá ṣe jìnnà sí wa tó. Mo ti fi kọ́ ọmọ bí ẹgbẹ̀rún méjì. Ìyàwó tí mò ń gbé lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ láyé ọjọ́sí, n kò mọ bó ṣe wúwo tó lónìí.

Ibí yìí ni kí o ti fara balẹ̀ kà, nítorí mo fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi ni wàá ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ: mo gbé obìnrin mìíràn sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ wa. Ìyá Ẹlẹ́ńjìnnì ló ní, "Ẹ jẹ́ kí n jókòó sẹ́yìn. Mo sanra dáadáa. Tó bá lè gbé mi, á gbé màmá." Ó di sípánà mú lọ́wọ́ kan, ó di ìjókòó mi mú lọ́wọ́ kejì, kò di ṣẹ́ẹ̀tì mi mú, mo fẹ́ kí o mọ ìyẹn. Ẹni tó ń gẹ irun níwájú ilé wa pariwo láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pé, "Tíṣà! Ṣé màmá gbọ́ sí i?" Ìyá Ẹlẹ́ńjìnnì dá a lóhùn pé, "Gẹ irun rẹ! Ẹrù ni mí, ẹ̀rọ la ń dán wò."

A dé ìdí táǹkì omi. Bẹ́líìtì rọ́bà ni Ààrẹ fi ń gbé agbára láti ara ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà ẹ̀yìn, irin róbótó tí bẹ́líìtì náà ń yí sì wà lára sípóòkù, wọ́n kàn fi bóòtù há a mọ́ ọn. Mo kọ́kọ́ gbọ́ òórùn bí ìgbà tí rọ́bà bá kan iná. Lẹ́yìn náà, sípóòkù méjì já, pín, pín. Ẹ́ńjìnnì ń ké gbogbo agbára rẹ̀, àwa sì ń yọ̀ padà sẹ́yìn. Ìyá Ẹlẹ́ńjìnnì bẹ́ sílẹ̀ bí ọmọ ọdún méjìlá. Èmi àti kẹ̀kẹ́ jọ wọ inú koríko. N kò fi ara pa, má ṣe dìde. Wọ́n pe Ààrẹ wá. Ó dúró ti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ṣì ń dún, ó ṣí fìlà, ó ní, "Ẹ ò rí i? Ẹ́ńjìnnì ò kú. Bẹ́líìtì ló kú." Ìyá Ẹlẹ́ńjìnnì ní, "Ààrẹ, ẹ gbé e lọ sílé kó lọ máa bá ọmọ ọmọ yín ṣeré." Èrò ti pọ̀ níbẹ̀, ojú sì ń tì í; ó gbé e lọ.

Nígbà tí a padà dé ṣọ́ọ̀bù, mo yọ bébà máàkì mi jáde láti tún un ṣe. Ìyá Ẹlẹ́ńjìnnì gbà á lọ́wọ́ mi, ó ká a, ó sì fi há ẹsẹ̀ tábìlì rẹ̀ tó ń mì. Ó ní, "Bàbá Tíṣà, ẹ́ńjìnnì tí mo fẹ́ràn ni èyí tí mi ò kì í rí. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń tún ẹ̀rọ ìfami ṣe. Àwọn kan wà, oṣooṣù ni wọ́n ń dé ọ̀dọ̀ mi, mo mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ ẹbí ọkọ. Àwọn kan sì wà, tí wọ́n bá ti gbé e lọ báyìí, ó di ọdún mẹ́rin kí n tó tún fojú kàn án." Ọ̀kan nínú àwọn tí kì í rí yìí ló lọ bá mi wá, láti oko ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan tó ti ń fa omi fún ọdún mẹ́sàn-án. Kò lẹ́wà. Ọ̀dà ti ṣí lára rẹ̀, kò ní ìwé ìlànà kankan. Àmọ́ fóò-sitiróòkù ni, irin gidi ni wọ́n fi bo inú sìlíńdà rẹ̀, èèyàn sì lè yẹ ọ́ìlì rẹ̀ wò láìtú nǹkan kan.

Ìyá Ẹlẹ́ńjìnnì kọ bẹ́líìtì pátápátá. Ṣéènì ló lò, pẹ̀lú jíà kékeré nínú àpótí irin, àti kíláàṣì tí kì í di nǹkan mú àfi tí ẹ́ńjìnnì bá sáré dé ìwọ̀n kan, kí kẹ̀kẹ́ lè dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí mo bá dúró. Ó pààrọ̀ wíìlì ẹ̀yìn sí èyí tí sípóòkù rẹ̀ nípọn, ó sì de irin ṣéènì mọ́ àárín wíìlì gan-an. "Sípóòkù kọ́ ni wọ́n ń so iṣẹ́ mọ́," ó ní. Ó wá fi ọjọ́ méjì ṣe bíréèkì. Mo ní ṣé bíréèkì tó ọjọ́ méjì ni. Ó ní, "Gígun òkè, ẹ́ńjìnnì ló ń gùn ún. Sísọ̀ kalẹ̀ ńkọ́? Àbí àdúrà lẹ fẹ́ fi gbé màmá sọ̀?"

Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí iṣẹ́ parí, ó gbé irin róbótó méjì tó ní eyín kalẹ̀ níwájú mi, irú èyí tí ṣéènì ń yí lẹ́yìn. Ọ̀kan ní eyín mẹ́rìnlélógójì, èkejì ní mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ó ní, "Kékeré yìí, ẹnì kan ló wà fún. Ẹ máa sáré, omi á bọ́ lójú yín. Àmọ́ tí ẹ bá fi gbé ẹni méjì gun òkè, kíláàṣì á jóná lágbedeméjì. Ńlá yìí, ẹni méjì ló wà fún. Á rọra fà yín dókè. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ padà bọ̀, ẹ́ńjìnnì á kàn máa pariwo lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ ò sì ní rìn. Gbogbo ayé á gbọ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń bọ̀." Mo ní ṣé n kò lè mú méjèèjì dání. Ó wò mí láti òkè gíláàsì. "Kí ẹ máa tú u lójú ọ̀nà? Pẹ̀lú ọwọ́ tí ẹ fi ń di ṣọ́ọ̀kì mú?" Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ṣé màmá ti ní àwọn máa bá yín bọ̀?"

Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi dúró níwájú pátákó dúdú. Kò sí ìbéèrè tí n kò fèsì sí, pàápàá èyí tí n kò mọ̀. Mo dé fìlà mi. Mo mú ọ̀nà ilé pọ̀n.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wà nínú ilé. N ó sọ ohun tí mò ń ṣe fún ọ, jọ̀wọ́ má sọ fún ọmọ wa. Lọ́sàn-án, lásìkò tí o máa ń jókòó rán aṣọ, mo máa ń lọ sínú yàrá rẹ, n ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, n ó sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kò sí òwú nínú rẹ̀, kò sí aṣọ lábẹ́ rẹ̀. Mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni, kí ilé lè dún bó ṣe máa ń dún. Nígbà tí o wà nílé, mo máa ń wá ka ìwé nínú pálọ̀ bí o bá ń ránṣọ. Mo máa ń kígbe pé ariwo náà pọ̀. N kò mọ̀ nígbà náà pé òun ni mo fi ń ka ìwé. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin ilé kejì yọjú láti orí ògiri pẹ̀lú aṣọ kan lọ́wọ́, inú rẹ̀ ń dùn. "Ṣé màmá ti dé ni? Mo gbọ́ ẹ̀rọ." Mo ní o ń bọ̀. Ó ní òun á mú aṣọ náà padà wá. Ó ti mú un wá lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọjọ́ kẹrin mo padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo ní kó fi ńlá síbẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́ńjìnnì kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ó ti wà níbẹ̀ láti ìjẹta." Ó tún gun ẹ̀yìn, a tún mú ọ̀nà òkè pọ̀n. Kẹ̀kẹ́ náà kò sáré. Ó ń lọ bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. A kọjá táǹkì omi, a kọjá ibi tí mo wọ inú koríko, a dé orí òkè, kò sì sí òórùn kankan. Ibẹ̀ ni mo ti rí òkè tiyín lọ́ọ̀ọ́kán, ó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ohun tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù yà. Mo dúró wò ó títí Ìyá Ẹlẹ́ńjìnnì fi ní òun ní iṣẹ́ nílé.

Mo jẹ̀bi. N kò fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀. Bí mo bá ṣàlàyé rẹ̀, yóò di ẹ̀kọ́. Mo fi ọ́ sílẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn pẹ̀lú aṣọ òkú, mo lọ jà fún oyè, mo sì tún fi dẹ́rẹ́bà rọ́pò ara mi. Mo ti fi ipò Alága Àgbà sílẹ̀. Wọ́n ti ṣe ìpàdé méjì báyìí lórí bóyá Alága Àgbà Àná ni kí wọ́n máa pè mí.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, n ó gbéra. Wákàtí mẹ́rin ni Ìyá Ẹlẹ́ńjìnnì dá fún mi. Mo fi wákàtí kan kún un nítorí ìsinmi àti ewúrẹ́. N kò ní kí o di ẹrù sílẹ̀. N kò ní kí o ṣèlérí. Bí o bá ní kí n jókòó, n ó jókòó. Bí o bá ní kí n máa lọ, n ó máa lọ, gbogbo ayé yóò sì gbọ́ ariwo mi.

Kí orúnkún rẹ má ṣe dá ọ dúró níbi tí o bá fẹ́ lọ. Kí ojú rẹ máa rí ihò abẹ́rẹ́ títí ọjọ́ ogbó. Kí oorun máa dùn mọ́ ọ nínú ilé yẹn, kí ẹ̀gbọ́n wa sinmi dáadáa, kí ohun rere tí o ṣe fún un máa pàdé rẹ lọ́nà. Àmín.

Èmi ni ọkọ rẹ,
Tíṣà.

Àfikún: Mo rán tìmùtìmù kan sórí kẹ́ríà, ọwọ́ mi ni mo fi rán an, ìdí nìyẹn tó fi rí bó ṣe rí. Afìwéránṣẹ́ ní lẹ́tà yìí yóò dé ọwọ́ rẹ lọ́jọ́ Ẹtì, nítorí náà èsì kò lè bá mi nílé mọ́. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ ní ẹnu ọ̀nà méjì. Mo rántí pé àlejò ni ẹ ń gbà níwájú, ará ilé a sì gba ẹ̀yìn wọlé láìkànlẹ̀kùn. Ẹnu ọ̀nà wo ni kí n gbé kẹ̀kẹ́ wá?